Kí Ẹ Tó Gba Fọ́ọ̀mù Oyè Ọ̀mọ̀wé Nínú Ìtọ́jú Ìlera

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọ́fíìsì wẹ́fíà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ arọ bí yóò ṣe tún rìn, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wẹ arúgbó tẹ́ ẹ sì ń fún wọn lóúnjẹ ní Leeds, ní Manchester, ní Peckham, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń wá bá mi nílé, àwọn mìíràn ń pè mí lórí fóònù, pé àwọn fẹ́ ṣe ìwádìí títí àwọn yóò fi gboyè ọ̀mọ̀wé. Inú mi ń dùn sí i. Iṣẹ́ ìtọ́jú ni mo fi ayé mi ṣe: mo ṣe nọ́ọ̀sì, mo kọ́ nọ́ọ̀sì, mo sì bójú tó ìwádìí àwọn ọmọ tó ti di ọ̀gá lónìí. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ni mo kó jọ síbí fún gbogbo yín.

1. Ẹ mọ irú oyè tẹ́ ẹ ń wá.

Oyè ìwádìí kò jọ oyè kejì tẹ́ ẹ ti gbà. Nígbà oyè kejì, olùkọ́ ló ń mú ìwé wá sí kíláàsì, ìdánwò sì ń bẹ lópin sáà. Nínú oyè ìwádìí, kò sẹ́ni tó máa pín iṣẹ́ fún yín láàárọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa mú ìbéèrè wá, ẹ̀yin lẹ máa wá ìdáhùn rẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà lẹ máa dúró níwájú àwọn àgbà inú iṣẹ́ láti gbèjà ohun tẹ́ ẹ rí. Ohun náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fi gbogbo àsìkò rẹ̀ ṣe é máa ń lo ọdún 3 sí 4. Ẹni tó bá ń ṣe é mọ́ iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ lè lo ọdún 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ forúkọ yín sílẹ̀ fún MPhil, tí wọ́n á wá yẹ iṣẹ́ yín wò lẹ́yìn bí ọdún kan kí wọ́n tó gbé yín sókè sí PhD. Nílé níbí ní Nàìjíríà, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ lè fi ọdún kún ọdún. Oríṣi oyè ọ̀mọ̀wé kan tún wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́: ẹ ò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ máa jókòó ní kíláàsì fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó ṣèwádìí lórí iṣẹ́ ọwọ́ yín gan-an. Ìyẹn ni mo máa ń júwe fún nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé kí wọ́n máa pè yín ní Dókítà lóde àríyá nìkan lẹ̀ ń wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọdún yẹn ṣe nǹkan mìíràn. Ẹni tí ìbéèrè kò bá jẹ lọ́kàn kì í lè fara da ọdún kejì.

2. Ẹ wá ìbéèrè yín lọ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

Nọ́ọ̀sì ni Cicely Saunders lákọ̀ọ́kọ́, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yìn ń dùn ún débi pé kò lè gbé aláìsàn mọ́, ló bá kọ́ iṣẹ́ wẹ́fíà ti ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ló ti ń jókòó ti àwọn tí jẹjẹrẹ fẹ́ẹ́ pa. Ó rí i pé ìrora ń jẹ wọ́n run, àwọn dókítà sì ń kọjá níwájú bẹ́ẹ̀dì wọn torí pé oògùn tó lè wò wọ́n ti tán. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju pé: ṣé dandan ni kí ẹni tó ń kú lọ máa joró? Nítorí ìbéèrè yìí ló ṣe padà lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, tó parí rẹ̀ ní 1957. Ó wá ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó sì fi hàn pé bí wọ́n bá ń fún èèyàn ní mọ́fíìnì lásìkò lásìkò, kí ìrora tó padà dé, ara á rọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ní 1967 ó ṣí ilé ìtọ́jú St Christopher's, ibẹ̀ ni ètò ìtọ́jú àwọn tó ń kú lọ ti tàn káàkiri ayé. Ẹ ṣàkíyèsí pé nọ́ọ̀sì, wẹ́fíà àti dókítà ni obìnrin kan ṣoṣo yìí. Ìlera àti ìtọ́jú kò ṣe é yà sọ́tọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn rí àwọn ará agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú àti etí wọn sì ń di bàìbàì. Ó tọpa àìsàn náà títí ó fi dé ìdí ààrò wọn, nínú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí májèlé rẹ̀ kò tíì jáde tán. Kì í ṣe inú ìwé ló ti kọ́kọ́ rí ìbéèrè yẹn.

Ẹ̀yin náà, ẹ wọ wọ́ọ̀dù obìnrin lóru ní ilé ìwòsàn ńlá èyíkéyìí nílẹ̀ wa. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó rí ẹní, ike omi, kúlà oúnjẹ, àti ọmọbìnrin kan tó fi ìró bo orí. Òun ló ń yí ìyá rẹ̀ padà kí ẹ̀yìn má baà dégbò. Òun ló ń sáré jáde lọ ra abẹ́rẹ́ ní aago méjì òru. Òun ló ń da ìtọ̀ nù, tó sì ń bu ògì sí ìyá lẹ́nu ní ṣíbí ṣíbí. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú fáìlì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n máa lọ sílé, wọ́n á kọ́ ọ ní bó ṣe máa lo oògùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa bi í pé ta ni yóò máa gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá lọ sọ́jà. Ìbéèrè tó tó oyè ọ̀mọ̀wé mẹ́ta wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Ìbéèrè gbọ́dọ̀ kéré kó tó lè ṣe é dáhùn. Ọmọ kan gbé àkòrí kan wá bá mi, "Ìtọ́jú Arúgbó ní Nàìjíríà." Mo bi í pé, "Arúgbó wo?" Ó ní, "Àwọn tó ní rọpárọsẹ̀, Mà." "Níbo?" "Nílé, Mà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò lọ́sibítù." "Ta ló ń tọ́jú wọn nílé?" Ó dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ pé, "Ìyàwó bùrọ̀dá mi ló ń tọ́jú màmá wa." Mo ní kó jókòó, kó kọ ìyẹn sílẹ̀ kó tó gbàgbé. Ohun tí ìyàwó ilé ń ṣe fún ìyá ọkọ tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ, ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́, ohun tó ti pàdánù níbi òwò rẹ̀: ọdún mẹ́ta tó fún un.

3. Ẹ ka ohun tí àwọn aṣáájú ti ṣe, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe nílé.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí àbá ìwádìí tí ọmọ Ìbàdàn kọ lórí dímẹ́ńṣíà, ìyẹn àìsàn tá a máa ń tìtorí rẹ̀ sọ pé àgbàlagbà ń ṣarán, tí gbogbo ìwé inú rẹ̀ sì ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá. Ìdíkàn ńkọ́? Láti 1992 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana ti dáwọ́ jọ láti fi àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ọ̀ṣuntókun kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni aṣáájú rẹ̀ nílé níbí. Nígbà tó ṣaláìsí ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ. Èsì kan lára rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní 2001. Wọ́n tọpa èèyàn 2,459 ní Ìdíkàn àti 2,147 ní Indianapolis, gbogbo wọn ti tó ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 àgbàlagbà, iye àwọn tí dímẹ́ńṣíà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìdíkàn. Ní Indianapolis ó jẹ́ 3.24.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kọ iye yìí sílẹ̀, á sì kọjá lọ. Ẹ má kọjá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe rí i. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà Ìdíkàn kò lọ síléèwé, wọn kò sì mọ ọjọ́ ìbí wọn. Bí ẹ bá gbé bébà síwájú irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kó kà á, tàbí kó yọ 7 kúrò nínú 100 lọ sílẹ̀, àìmọ̀wé rẹ̀ lẹ máa wọ̀n, ẹ ó sì pè é ní àìsàn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe lo ìbéèrè tí kò nílò ìwé kíkà, tí wọ́n sì lọ bá ẹni tó ń bá ìyá gbé: ṣé ó ṣì ń mọ owó í kà? Ṣé ó ṣì ń mọ̀nà ilé? Ṣé ó ṣì ń mọ àwọn ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ síra? Ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú tí àwọn àgbà rántí ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ orí wọn. Ọgbọ́n yẹn lẹ gbọ́dọ̀ jogún kẹ́ ẹ tó lè fi tiyín kún un.

Bákan náà ni ti Adéoyè Lámbò ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954. Kò ti gbogbo alárùn ọpọlọ mọ́ wọ́ọ̀dù. Ó ní kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí ẹbí kan bá wọn wá láti máa sè fún wọn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Ẹni tó bá ń ṣèwádìí lórí ìtọ́jú láàárín ìlú nílẹ̀ òyìnbó lónìí tí kò sì dárúkọ Aró, àlàfo wà nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá nǹkan lórí PubMed, ẹ wá a lórí African Journals Online, kẹ́ ẹ sì tún lọ sí ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé: àwọn àpilẹ̀kọ tó wà lórí pẹpẹ ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Eruku wà lára wọn lóòótọ́. Ẹ nù ún.

4. Ẹ yan alábòójútó bí ẹni tó ń yan ẹni tí yóò bá a gbélé.

Orúkọ ńlá nìkan kò tó. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: ṣé ó máa ń ka iṣẹ́ wọn? Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó dá a padà? Mélòó ló ti parí lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo ayé mọ̀, tó sì wà nínú bàálù lójoojúmọ́, kò lè wúlò fún yín bí olùkọ́ kékeré tó ń ka gbogbo ojú ìwé.

Àwa Yorùbá ní ìṣòro kan níbí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ gbangba. Wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í já àgbà nírọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbọ́ ohun tí kò yé e, á ní "Bẹ́ẹ̀ ni, Sà," á lọ sílé, á sì lo oṣù mẹ́ta lórí ohun tí ọ̀gá kò fẹ́. Ìbọ̀wọ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹ lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, mo fẹ́ rí i dájú pé mo gbọ́ yín yé," kẹ́ ẹ sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹnu kò lé lórí, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa pe àwọn lórúkọ àbísọ, wọ́n á sì máa retí kẹ́ ẹ bá wọn jiyàn. Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n á rò pé ẹ ò ní èrò tiyín.

5. Ẹ mọ ibi tí owó yóò ti wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, TETFund wà fún yín. CARTA, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008 láti máa kọ́ olùwádìí ìlera, ní Yunifásítì Ìbàdàn àti OAU Ilé-Ifẹ̀ nínú. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth náà ń bẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ UKRI ti ń jẹ́ kí àwọn tó wá láti òkè òkun wọ inú ètò owó rẹ̀ láti 2021. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níyàwó tàbí ọkọ àtọmọ, ẹ ka òfin ìwọ̀lú dáadáa: láti oṣù kìíní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè kejì ti kíláàsì kò lè mú ẹbí dání mọ́, ṣùgbọ́n òfin náà ṣì fàyè gba ẹni tó ń ṣe oyè ìwádìí. Ẹ má ta ilẹ̀ bàbá yín láti fi san ti ọdún kìíní, kẹ́ ẹ wá máa wá ti ọdún kejì kiri.

6. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò mọ ohun tó ń tẹ̀ka sí.

Láti 1932 títí di 1972, ní Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣọ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bí 600. Àrùn sífílíìsì wà lára 399 nínú wọn. Wọn kò sọ fún wọn. Nígbà tí pẹnisílíìnì di oògùn tó ń wò ó ní àwọn ọdún 1940, wọn kò fún wọn, torí wọ́n fẹ́ mọ bí àrùn náà yóò ṣe bá wọn jà dópin. Oúnjẹ ọ̀fẹ́, mọ́tò ọ̀fẹ́ àti owó ìsìnkú ni wọ́n fi ń fà wọ́n mọ́ra. Ní 1996, nígbà tí yírùnyírùn ń pa ọmọ ní Kánò, ilé iṣẹ́ apoògùn kan láti Amẹ́ríkà dán oògùn tuntun wò lára 100 ọmọ, ó sì fún 100 mìíràn ní oògùn mìíràn láti fi wé e. Àwọn òbí ní wọn kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni, ilé iṣẹ́ náà ní òun ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nàìjíríà ṣe ìlànà tirẹ̀ lórí ìwádìí ìlera ní 2007, òfin ìlera ti 2014 sì fi ẹsẹ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o múlẹ̀. Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò bá dá ìwé àbá yín padà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ má bínú sí wọn. Àwọn tí ìyà ti jẹ rí ni wọ́n ń gbẹjọ́ wọn rò.

Ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ nìkan kọ́ o. Ká ní ẹ dé ilé kan ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn. Màmá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin na ọwọ́: "Ẹ mú un wá, mo máa bá wọn sáìn ín." Ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí i, kẹ́ ẹ sọ pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún Màmá." Ẹ ṣàlàyé fún ìyá náà lẹ́nu tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbọ́ pé mo wá ṣe?" Bó bá ní, "Ẹ fẹ́ fún wa lóògùn," ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ sọ fún un pé bó bá kọ̀, kò sí ohun tó máa yí padà nínú ìtọ́jú tó ń gbà. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí kò ní gbà yín gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti yé e ni kó tó tẹ̀ka, kí ẹnì kan tí kò sí lẹ́yìn yín sì ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀ lọ́jọ́ ìwádìí. Aláìsàn tó rí aṣọ funfun kò lè kọ̀ fún yín. Ó mọ̀ pé ọwọ́ yín ni abẹ́rẹ́ òun wà lọ́la.

Tó bá wá jẹ́ ẹni tí iyè rẹ̀ ti rà ńkọ́? Ní England àti Wales, òfin Mental Capacity Act ti 2005 là á kalẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ lọ bá ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ láti mọ ohun tí yóò fẹ́ ká ní orí rẹ̀ pé. Bí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá sì ti fi hàn pé òun kò fẹ́, kó yí ojú kúrò, kó ti ọwọ́ yín nù, ẹ dáwọ́ dúró. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ nílé náà, yálà òfin ní kẹ́ ẹ ṣe é tàbí kò ní kẹ́ ẹ ṣe é.

7. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò. Ìyá tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò yóò kọ́kọ́ bi yín nílé baba yín, yóò sọ ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wọ iléèwé, yóò ṣàdúrà. Ẹ má já a lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó sọ ohun tí kò tíì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ rí. Ìgbà tẹ́ ẹ bá sì pa ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tán, tó ń sìn yín jáde, ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lè bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.

Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe jáde. Wákàtí kan ọ̀rọ̀ lè gbà yín ní wákàtí mẹ́fà, nítorí jẹnẹrétọ̀ ń dún, ẹ̀rọ ata ń lọ, ọmọ ń sunkún. Ẹ jẹ́ kó wà ní Yorùbá, Yorùbá náà ni kẹ́ ẹ fi tú u wò, kẹ́ ẹ tó yí ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa lò padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá jẹ́ ìwé ìbéèrè lẹ mú ti ilẹ̀ òyìnbó wá, kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́ ẹ wá gbé méjèèjì ka ẹsẹ̀ ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ ni wàhálà wà.

Bó bá jẹ́ iye lẹ̀ ń wá, ẹ kà. Bó bá jẹ́ bí nǹkan ṣe rí lára èèyàn, ẹ gbọ́. Ìjà tí àwọn kan ń jà lórí èyí tó jẹ́ ìwádìí gidi nínú méjèèjì, ẹ má dá sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kíkà, ẹ lọ bá oníṣirò kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ẹni tó bá lọ bá a lẹ́yìn tó ti kó ìwé ìbéèrè jọ tán, àbámọ̀ ló máa ń bá a níbẹ̀.

8. Ẹ tọ́jú ara yín.

Mo mọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé àwọn arúgbó, tẹ́ ẹ dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tẹ́ ẹ kó ọmọ lọ síléèwé, tẹ́ ẹ tún jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí ilé mọ̀ pé iṣẹ́ ni èyí, kí wọ́n yọ̀ǹda wákàtí kan pàtó fún yín. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìrora tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ á máa bá yín délé, ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ máa sọ ọ́ fún láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

9. Ẹ máa kọ ọ́ láti oṣù àkọ́kọ́.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpilẹ̀kọ lè tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 80 ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìyẹn ní ìjókòó kan. Ojú ìwé kan lọ́sẹ̀, kódà bí kò bá tíì dára. Zotero, tí wọn kì í ta, á bá yín tọ́jú orúkọ ìwé tẹ́ ẹ kà. Ẹ fi ẹ̀dà iṣẹ́ yín pamọ́ síbi mẹ́ta, torí iná àti olè. Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fọkàn tán yín sọ, ẹ má ṣe dà á sínú ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì kankan pé kó bá yín tò ó.

Lọ́jọ́ ìdánwò àfẹnusọ, olùyẹ̀wò kan á ti ìta wá. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yẹn tó yín. Bó bá béèrè ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe máa wá a. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ní kí gbogbo èèyàn lọ tún nǹkan ṣe kí wọ́n tó fi oyè fún wọn. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

10. Ẹ dá èsì padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

David Morley, dókítà ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956 sí 1961. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì tọpa àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n bí wọn títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún, wọ́n sì rí bí èéyi, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrí oúnjẹ gidi jẹ ṣe ń so kọ́ra pa ọmọ. Ó lè kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀: ó ṣe káàdì kan tí wọ́n ń fa ìlà ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, tí ìyá tí kò lọ síléèwé á fi mọ̀ bóyá ìlà náà ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Kò fi káàdì náà sí ọ́fíìsì ọsibítù. Ìyá ọmọ ló gbé e fún, kó máa mú un lọ sílé. Irú káàdì yẹn wà lọ́wọ́ àwọn ìyá ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ lónìí.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó dá aṣọ ẹbí oyè, ẹ kọ ojú ìwé kan ní Yorùbá: ohun tẹ́ ẹ béèrè, ohun tí wọ́n sọ, ohun tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ kà á fún wọn níbi tí wọ́n ti ń pé jọ, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà jẹ́ mọ́sálásí, ì báà jẹ́ ìpàdé àdúgbò. Nínú àwọn àgbà tó bá yín sọ̀rọ̀, àwọn kan á ti kú kẹ́ ẹ tó parí. Ẹ lọ kí àwọn ọmọ wọn, kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀dà kan lọ bá mátírónì wọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ti ṣèwádìí, kẹ́ ẹ mú òmíràn lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má kàn fi lé wọn lọ́wọ́ kẹ́ ẹ sì máa lọ. Ẹ jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi kà á tán, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé èwo nínú rẹ̀ ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí.